Àáró Bọ́ọ̀lù ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni òun fẹ́ máa gbé, mo máa ń wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kò bá tíì gbé ìlú tí kò mọ ẹnì kan, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ilẹ̀ ń ṣú láìsí ẹni tí yóò bi í pé ṣé ó ti jẹun, kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo bá a gbé yàrá kan náà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.

Ìjọba ló gbé mi lọ síbẹ̀. Nígbà náà, wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ gírámà sílẹ̀ káàkiri àwọn ìlú kéékèèké, tíṣà ni kò tó. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, ìyá mi tó bí mi ní ọmọ kan ṣoṣo sì ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́ pé Òkè-Ògùn ni wọ́n pín mi sí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi, inú sì bí mi sí wọn. Mo ní kò sí ibi tí ènìyàn kì í gbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ já mi sílẹ̀ tòun ti àpótí mi, tí eruku ti mú irun orí mi pọ́n, tí n kò rí ju igi emi tí í so òrí àti koríko gbígbẹ lọ títí dé ibi tí ojú mọ, mo gbà pé àánú náà tọ́ sí mi.

Àwọn ará ìlú kò ṣe mí ní ibi kankan. Bí mo bá ń lọ, tọmọdé tàgbà ní ń kí mi: "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o." Mo dáhùn, wọ́n kọjá lọ. Ọ̀wọ̀ pọ̀ fún tíṣà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀wọ̀ kì í báni jẹun. Bí ó bá di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi a wọkọ̀ lọ sí Ṣakí tàbí Ìbàdàn, lọ́dọ̀ aya àti ọmọ wọn. Èmi a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wo ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kan mo bá ọ̀kan nínú àwọn ewúrẹ́ náà jà, mo sì ń wí àwíjàre fún un. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Rédíò ló yọ mí.

Bàbá onílé mi jẹ́ àgbẹ̀ oníṣu àti olóko tábà, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù nílé. Àwọn ọmọ wọn obìnrin ti relé ọkọ, ọ̀kan ní Kisi, èkejì ní Ìsẹ́yìn. Yàrá tọkọtaya náà àti tèmi jọ kọjú síta ni, fèrèsé wa méjèèjì sì ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Mo ti bá wọn gbé fún bí oṣù mẹ́ta láìsí ọ̀rọ̀ kan tó ju ìkíni lọ, kó tó di ọ̀sán Sátidé kan tí bàbá kan ilẹ̀kùn mi.

"Tíṣà, o gbọ́ Òyìnbó, àbí o ò gbọ́?"

"Mo gbọ́ ọ, bàbá."

"Jáde wá. Ọkùnrin kan ń ké nínú rédíò mi, mi ò mọ ẹni tó ń lù ú."

Bọ́ọ̀lù ni. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn ló ń gbá a, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì ń fi èdè Òyìnbó ròyìn rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára ọ̀fun rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ fún bàbá. Láti ọjọ́ náà, mo di ògbufọ̀ rẹ̀. Bàbá kò fojú kan pápá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Èmi ni mo fi igi ya pápá náà sílẹ̀ fún un lójú àgbàlá, tí mo fi òkúta ṣe gólì. Ṣùgbọ́n ó ti kó iṣu lọ tà ní Ìbàdàn nígbà èwe rẹ̀, ó sì gbà pé ẹgbẹ́ náà jẹ́ ti òun. "Iṣu mi ni àwọn ọmọ yẹn jẹ dàgbà," ni ó máa ń wí. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù kọjá lókè igi, bàbá a ní ó ṣe kedere pé ilé ẹni tó gbá a kì í ra iṣu gidi.

Ìyá kì í bá wa jókòó. Inú yàrá ní í máa wà lẹ́bàá fèrèsé, tí yóò máa bó ẹ̀gúsí. Kò gbọ́ Òyìnbó, kì í sì í tẹ́tí sí ògbufọ̀ mi. Ìró ọkọ rẹ̀ ló fi ń mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ. Bí bàbá bá pòṣé, ìyá a ní, "Wọ́n ti gbá a síta." Bí ó bá dìde lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ìyá a ní, "Ó ti ku díẹ̀." Kì í sábà ṣì í.

Wàhálà kan ṣoṣo tí bàbá ní ni pé bí wọ́n bá na ẹgbẹ́ wa, kì í jẹun alẹ́. Bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní fọwọ́ kàn án. Kò kúkú ní pa rédíò kó tó parí o. Á gbọ́ ọ títí dé orí fèrè ìkẹyìn, á wá pa á, á dìde, á ní ó di ọ̀la. Ìyá a sì na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé pẹ̀lú abọ́ méjì. Ọ̀kan ní òdòdó lára, tèmi nìyẹn. Èkejì ní etí aláwọ̀ ewé, ti bàbá ni.

"Tíṣà, ẹ gba tiyín, ẹ gba ti bàbá yín. Inú ń bí wọn, wọn ò ní jẹun."

Mo ń gbà á. Kí Ọlọ́run má bínú, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wa bá fìdí rẹmi ni mo máa ń yó jù. Bàbá a máa wò mí láti ẹnu ọ̀nà, á ní, "Ìwọ tíṣà yìí, ṣé kì í ṣe pé o ń gbàdúrà lòdì sí wa?"

Bí a ti ń bá a bọ̀ nìyẹn títí di ọdún tí àwọn sọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba padà, tí ọṣẹ, mílíìkì àti bátìrì di ohun àwátì. Ọdún náà ni ẹgbẹ́ wa dé àṣekágbá ìdíje tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó gbégbá orókè ní Áfíríkà ń du. Àwọn ará Íjíbítì ni wọn yóò bá gbá a. Mo ṣàlàyé fún bàbá pé ẹ̀ẹ̀mejì ni: wọn yóò kọ́kọ́ gbá a ní Íjíbítì, wọn yóò wá gbá èkejì ní Èkó, a ó sì ro gbogbo góòlù pọ̀ kí a tó mọ ẹni tó ni ife.

Bàbá kò fẹ́ràn rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì kẹ̀? Ṣé wọn ò gba ara wọn gbọ́ ni?" Ó ń fa àgbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ là. "Hẹn-ẹ́n. Àáró ni."

Àwọn àgbẹ̀ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kì í dá oko ro. Wọn a kó ara wọn jọ ní mẹ́rin tàbí márùn-ún. Lónìí wọ́n ro ti ẹni yìí, lọ́la wọ́n ro ti ẹni tọ̀hún, títí yóò fi yí wọn ká. Ẹni tí wọ́n bá ti ro tirẹ̀ kò gbọdọ̀ sá fún ti ẹlòmíràn.

"Àwọn ọmọ wa fẹ́ lọ ro tiwọn," ni bàbá wí. "Tí ó bá yá, wọ́n á wá ro tiwa. Àáró kì í báni kú, tíṣà. Bí ọ̀kan nínú wa bá tilẹ̀ kú kó tó kàn án, a óò ro tirẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀."

Mo ní kò burú, pé ó ti yé e jù mí lọ.

Wọ́n nà wá ní Íjíbítì. Góòlù méjì ni wọ́n gbá sáwọ̀n wa, a ò dá ọ̀kan padà. Rédíò ń han bí ìgbà tí wọ́n ń yan àgbàdo, mo sì ní láti fi etí lé e lórí kí n tó rí ohun tí mo máa túmọ̀. Nígbà tó parí, bàbá pa á, ó dìde. Abọ́ méjì jáde lójú fèrèsé. Kó tó wọlé, ó yíjú padà.

"A ti ro tiwọn. Wọ́n ń bọ̀ wá ro tiwa. O ò gbọdọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà o."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ, bàbá?"

Mo fi ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo mọ̀."

Kò sí ẹni tó sọ gbólóhùn kan fún mi rí tó wọ̀ mí lára tó ìyẹn.

Bátìrì rédíò ti ń kú lọ, kò sì sí títà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, kò sí ní Ago-Amodu. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ní kí n wá a dé Ṣakí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bàbá jókòó sínú oòrùn, ó fi aṣọ bora. Ó ní àyà ń dun òun díẹ̀, pé ọyẹ́ ni. "Fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò kí o tó rà á," ni ó ń wí tẹ̀ lé mi. "Má ra èyí tó ti ń sunkún." Èyí tí omi ti ń jáde nídìí rẹ̀ ló ń wí.

Mo wá bátìrì ká ọjà Ṣakí títí kí n tó rí i lọ́wọ́ Gàm̀bàrí kan. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà kò tètè kún. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo dé, mo sì rí àwọn ènìyàn tí wọ́n jókòó lórí ẹní níwájú ilé wa. Wọ́n ní lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni bàbá dákẹ́. Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Kó tó di àlàásárì, wọ́n ti sin ín. Ẹnì kan mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ó fi erùpẹ̀ tútù hàn mí. Mo dúró níbẹ̀ tèmi ti bátìrì mẹ́rin nínú ọ̀rá, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò rí ẹni tí yóò jíṣẹ́ fún.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, ilé tú. Àwọn ọmọ padà sí Kisi àti Ìsẹ́yìn. Ìyá wọ ilé opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò fi wà nínú ilé, tí kò ní jáde síta, tí ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí kò sì ní wọlé tọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin àdúgbò kan ní ń pọnmi fún un. Ẹrù bàbá kankan kò sì gbọdọ̀ kúrò nínú ilé títí di àdúrà ogójì ọjọ́, nítorí náà àpótí ìjókòó rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀, eruku ọyẹ́ ń bò ó. Láràárọ̀ mo ń kí ìyá láti ìta, "Ìyá, ẹ kú ojúmọ́." A ní, "Tíṣà, ẹ kú ojúmọ́ o." Ó parí nìyẹn. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, mo sì máa ń gbọ́ tí ó bá húkọ́. Èmi náà a húkọ́, kí ó lè mọ̀ pé ẹnì kan wà nílé. Ẹkún gbọ̀n mí nítorí bàbá lọ́pọ̀ ìgbà, ojú a sì tì mí, torí n kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ta ni yóò wá kí ayálégbé kú ọ̀fọ̀? Ìyá fúnra rẹ̀ kò sunkún. Àwọn obìnrin àdúgbò ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ojú rẹ̀ gbẹ jù.

Lẹ́yìn náà ni mo rí bátìrì lójú fèrèsé rẹ̀. Ògbólógbòó mẹ́rin, wọ́n wà lóòró nínú oòrùn. Bí alẹ́ bá ń lẹ́, ọwọ́ kan a jáde wá kó wọn wọlé. Lówùúrọ̀, wọ́n tún ti wà níbẹ̀. Gbogbo wa la máa ń sá bátìrì sóòrùn nígbà yẹn kí ó lè rí ẹ̀mí díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n rédíò kò dún nínú yàrá ìyá láti ọjọ́ tí bàbá ti kú. Kí ló wá ń sá a fún? Mo ti kọjá rẹ̀ lọ sílé ìwé lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi. Mo padà wọ yàrá mi, mo mú tuntun tí mo rà ní Ṣakí, mo tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.

Nírọ̀lẹ́, ìyá pè mí láti inú fèrèsé.

"Tíṣà, ìgbà wo ni àwọn èèyàn yẹn ń bọ̀?"

"Sátidé yìí ni, ìyá."

"Bàbá yín ní bí oorun bá gbé àwọn lọ, kí n gbọ́ bó ṣe parí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nìyẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka kàlímà ikú. Mo fẹ́ gbọ́ ọ tán fún wọn. Ẹ ó máa wí i fún mi bí ẹ ti í wí i fún wọn."

Mo ní màá wí i. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti ní kí n ṣe ohunkóhun fún òun.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àbúrò bàbá. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ti kírun tán, ó dé, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé.

"Ìyàwó wa, ilé opó kì í ṣe ilé bọ́ọ̀lù. Kí layé máa wí?"

Ohùn ìyá jáde wá, kò yára. "Ẹ jọ̀ọ́, iṣu ẹ̀gbọ́n yín tó wà lóko, ta ni yóò wà á?"

"Àwa náà ni. Ṣebí a jọ wà nínú àáró ni."

"Wọ́n sì ti kú."

"Àáró kì í báni kú."

"Ẹ ṣeun. Tíṣà náà jẹ wọ́n ní àáró kan. Ọ̀la ló fẹ́ ro ó."

Ọkùnrin náà wò mí, ó wo fèrèsé, ó tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó dún jù," ó sì lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé náà, ìyá gbé rédíò sójú fèrèsé, ó pa pákó rẹ̀ dé ku díẹ̀. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì tèmi, mi ò súnmọ́ àpótí ìjókòó bàbá. Góòlù méjì ni a nílò kí a tó bá wọn dọ́gba, mẹ́ta kí a tó gba ife. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ìkìlọ̀ àná.

"Tíṣà, ẹ gbóhùn sókè," ni ìyá wí. "Bàbá yín ò gbọ́ yín."

Mo wo àpótí ìjókòó tó ṣófo. Mo sì gbóhùn sókè.

Mo ní wọ́n ti gbé e bọ̀. Mo ní wọ́n ti fún ọmọ wa kan lápá ọ̀tún. Nígbà tí bọ́ọ̀lù ba igi gólì tó sì tàkìtì padà, mo fò dìde, mo kígbe bí bàbá ṣe máa ń kígbe, mo sì gbọ́ tí ìyá fọwọ́ lu ògiri nínú lọ́hùn-ún. Ní àkókò ìsinmi, àbúrò bàbá kọjá lọ́nà bí ẹni tó ń lọ síbì kan. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Mélòó ni?"

"Kò tíì sẹ́ni tó gbá a wọlé o."

Ó pòṣé, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n padà sí pápá, ariwo kan sọ nínú rédíò, mi ò sì túmọ̀ rẹ̀. Ìyá ní, "Ta ló gbá a?"

"Àwọn ni, ìyá."

"Mélòó ló wá kù báyìí?"

"Mẹ́ta, kí a tó bá wọn dọ́gba."

"Àkókò ńkọ́?"

"Kò pọ̀ mọ́."

"Ẹ máa wí i lọ. Bàbá yín kì í pa á kó tó parí."

Mo ń wí i lọ. Bọ́ọ̀lù jáde, mo ní ó ti jáde. Wọ́n jù ú wọlé, mo ní wọ́n ti jù ú wọlé. Àwọn ará oko ń ru iṣu kọjá, wọ́n ń wo tíṣà tó dá jókòó tó ń bá fèrèsé sọ̀rọ̀. Mi ò tún retí góòlù mọ́. Mo kàn mọ̀ pé bí fèrè bá ti fọn, bàbá yóò kú tán, ohun tí èmi àti ìyá jọ ní yóò sì parí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ohun tí kò ní láárí pàápàá, ẹni tó ń so okùn bàtà, ẹni tó ń nu òógùn.

Fèrè fọn.

"Ó parí, ìyá."

Mo gbọ́ tí ó pa rédíò. Ó gbé e kúrò lójú fèrèsé. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni pákó fèrèsé ṣí, ọwọ́ rẹ̀ sì jáde pẹ̀lú abọ́ olódòdó. Mo gbà á, mo dúpẹ́. Ọwọ́ náà wọlé, ó tún jáde. Abọ́ tó ní etí aláwọ̀ ewé ni.

"Ẹ gba ti bàbá yín," ni ó wí.

Mo gba ìyẹn náà.

"Bí a bá gbá a wọlé ni, ǹ bá kó o fún àwọn ọmọ ilé kéwú, kí n fi ṣe sàráà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wọ́n. Inú ń bí wọn, wọn ò ní jẹun."

Ó pa fèrèsé dé. Mo jókòó, mo ṣí abọ́ náà. Iyán ni, ó sì gbé ẹran tó máa ń ṣà sọ́tọ̀ fún ọkọ rẹ̀ lé e lórí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu òkèlè àkọ́kọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri: ìyá ń sunkún, fún ìgbà àkọ́kọ́. Síbẹ̀ mo jẹ ẹ́ tán, torí mi ò mọ bí n óò ṣe dá abọ́ náà padà fún un tòun ti oúnjẹ nínú.